Bí Mo Ṣe Lé Alárenà Kúrò Lẹ́nu Ihò

Ẹ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín ná, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, nítorí bí mo bá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ̀rín yóò wọ́n. Èmi Ọdẹ́bùnmi, ọdẹbìnrin tó pa ẹfọ̀n kan ṣoṣo láyé rẹ̀ tó sì ń ròyìn rẹ̀ títí dòní bí ẹni pa agbo ẹfọ̀n, èmi tí ẹkùn gbọ́ ikọ́ mi tó yà fún mi lọ́nà, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi ba nǹkan mi jẹ́. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí ọ̀tá. Àkùkọ kan báyìí ni mo fi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó sún mọ́ ògiri, kó má baà ṣubú lu ọmọ ọlọ́mọ. Òjò yìí ò sì ní í dá báyìí, kòkó yín ò lè gbẹ lónìí. Ẹ jókòó.

Láti ìgbà tí Ọdẹ́jọbí ọkọ mi ti lọ síbi àgbà ń rè, èmi nìkan ni mo kù nínú ilé. Èmi, ajá tí kò gbọ́ràn, àti àárín ẹ̀yìn mi. Kí lẹ̀ ń rín sí? Ibì kan wà láàárín ẹ̀yìn ènìyàn tí ọwọ́ ọ̀tún kò dé, tí tòsì kò dé. Ọkọ mi ló ń fi kànìnkànìn bá mi fọ ibẹ̀. Nígbà tí kò sí mọ́, igi obì ẹ̀yìnkùlé ni mò ń lọ fẹ̀yìn ha bí ìmàdò. Igi obì náà ti ń dán.

Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi ni Àrìnpé. Iṣẹ́ akọ̀wé gbé e lọ sí Ìlú Adìlẹ̀kùn, lódìkejì Igbó Apèmáàjẹ́. Lẹ́yìn tí ó ti di ará ibẹ̀, àwọn iwin olè fojú ìlú náà rí màbo, tí àwọn ará ìlú fi mọ odi yí i ká, tí wọ́n sì ṣòfin pé ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀ láéláé. Ọwọ́ àlejò nìkan ló lè wọlé.

Ẹ ní báwo? Ẹ fara balẹ̀. Àrìnpé fi kọ̀ǹpútà kan ránṣẹ́ sí mi. Ìkejì rẹ̀ wà lórí tábìlì iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Láàárín méjèèjì, ihò kan gba abẹ́ gbogbo igbó náà kọjá, ẹnu rẹ̀ kan sì là sínú yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bí mo bá ṣí kọ̀ǹpútà tèmi, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, n ó rí tábìlì ọmọ mi kedere. Bí mo bá na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi á yọ lọ́hùn-ún. N ó to ìwé rẹ̀, n ó nu eruku rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Tèmi àgbà yìí wọ kèrègbè, ó tún jáde nílùú kejì!

Ṣùgbọ́n òfin mìíràn wà tí n kò fẹ́ràn: ìjókòó kan, ẹnì kan. Bí ọwọ́ mi bá ti wọ yàrá náà, ilẹ̀kùn á ti ọmọ mi síta. Bí mo bá yọwọ́, òun á wọlé. N kò fojú kàn án rí nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ohun tó fi sílẹ̀ ni mo máa ń rí: ìró tó ká, ọsàn tó jẹ kù tí ojú eyín rẹ̀ wà lára, àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Mo máa ń sáré fọwọ́ kan àga náà kí ó tó tutù.

Ẹni tó so wá pọ̀ ni iwin kékeré kan tó ń jókòó lórí àpótí lẹ́nu ihò inú yàrá mi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Alárenà là ń pè é. Òun ló ń di ọwọ́ mi mú la òkùnkùn já. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ fún ọmọ mi, inú ìkarahun ìgbín ni n ó sọ ọ́ sí, alárenà á fi ìda dí i lẹ́nu, á nawọ́ gbé e gba inú ihò kọjá láìdìde lórí àpótí. Kò sí iwin ojú ọ̀nà tó lè gbọ́ ọ. Òun tó gbé e pàápàá kò gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, Àrìnpé bí ọmọkùnrin. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ọkọ rẹ̀ ọmọ ìlú Adìlẹ̀kùn, bí ẹni di ẹyin ògòǹgò mú ló ń di ọmọ mú, ẹ̀rù ń bà á kí ó má fọ́. Ìyá ìyá ló ń wẹ ọmọ, nílé wa. Wọ́n bá tẹ́ ọmọ sórí tábìlì, wọ́n gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tì í, wọ́n jáde, èmi na ọwọ́ wọlé; òfin kò ka ọmọ ọwọ́ sí ẹnì kan. Mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo fi àdí pa á lára, mo na apá, mo na ẹsẹ̀. Ọmọ náà ń ké, mo mọ̀ pé ó ń ké nítorí ẹnu rẹ̀ là gbàgà, àmọ́ n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn èèyàn kì í gba kọ̀ǹpútà yẹn kọjá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá kù. Àṣà ìlú náà ni pé ìdílé ìyá gbọ́dọ̀ sọ orúkọ tiwọn sí ọmọ létí kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó kọjá. Bí wọn kò bá sọ ọ́, orúkọ ìlú nìkan ni yóò jẹ́, ojú ọmọ náà á sì fọ́ sí ilé ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá mú un dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́la, á ní, “Ilé ta nìyí?”

Ibi tí mo ti ya wèrè nìyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo ti fi ọṣẹ kan ọmọ lára, mo wẹ̀yìn, mo rí alárenà lórí àpótí mi, ó ń jẹ ẹ̀kọ mi. Mo sọ fún ara mi pé, kí ni eléyìí tún ń ṣe níhìn-ín? Àwọn àgbà ló sọ pé bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárenà a yẹ̀bá. Ọwọ́ mi ti mọ̀nà. Kí ni ó tún ń tẹ́tí gbọ́?

Mo fi ọwọ́ kan sílẹ̀ lára ọmọ, mo fi ìkejì fa àkùkọ kan lábẹ́ ibùsùn. “Alárenà, o ṣeun, o kú iṣẹ́. Gba èyí, kí o máa lọ ilé.”

Ó wo àkùkọ, ó wò mí. “Ìyá àgbà, ẹ rò ó dáadáa.”

“Mo ti rò ó. Àwọn tó jù mí lọ ló bá mi rò ó.”

“Wọn kò ro irú èyí.”

“Ìwọ iwin pínníṣín, o fẹ́ kọ́ mi ní àṣà bàbá mi? Dìde lórí àpótí mi!”

Ó dìde. Bí ìdí rẹ̀ ṣe kúrò lórí àpótí báyìí, kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ọwọ́ mi já padà sí itan mi, ìfófòó ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ wà lọ́hùn-ún, ọṣẹ wà lójú rẹ̀, n kò tíì fi omi ṣàn án, n kò tíì sọ orúkọ. Mo bojú wẹ̀yìn kí n pe alárenà, ó ti wọnú ihò lọ pẹ̀lú àkùkọ mi.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo ní kí ẹ rẹ́rìn-ín. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Mo gbá kọ̀ǹpútà náà lábàrá. Mo pa á, mo tún tan án. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nídìí. Mo kì í ní oríkì ilé bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò mọ ilé bàbá rẹ̀. Kò dáhùn. Ìgbà náà ni mo rántí pé ọdẹ ni mí. Ihò òkété ní ẹnu méjì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí ọdẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá inú ihò là, á kó ewé tútù àti ata gbígbẹ sẹ́nu kan, á fẹ́ èéfín sí i, á wá wo ibi tí èéfín yóò ti yọ. Mo dáná sẹ́nu ihò, mo fẹ́ ẹ. Èéfín wọlé, ó lọ díẹ̀, ó sì padà wá bá mi lójú bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé. Mo sín, mo sín, títí ìdí mi fi ń dá imú mi lóhùn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun kan: ihò kò wó, ẹnì kan ló tì í láàárín. Mo gbé ìbọn, mo fi orí lé e.

Ẹ̀yin obìnrin ilé yìí mọ bí Elédùmarè ṣe mọ mí. Orí wọlé, àyà wọlé, ìyókù ní òun ń bọ̀. Nígbà tó fi dé, ẹ̀yìn mi ti bó.

Ihò náà gbé mi jáde sínú Igbó Apèmáàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ ìdákẹ́jẹ́, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Àwọn igi ibẹ̀ ní etí, etí ńlá bí ewé kókò, wọn kò ní ẹnu. Mo pe, “Àrìnpé!” Àwọn etí yí padà síhà ọ̀dọ̀ mi, wọ́n gbé ohùn mi mì. Kò sí gbohùngbohùn. Ẹ gbọ́ mi, mo ti bá ebi jà, mo ti bá ẹfọ̀n jà (ẹ ti gbọ́ ti ẹfọ̀n náà), ṣùgbọ́n kí ènìyàn pariwo kí ohùn ara rẹ̀ pàápàá má padà wá bá a, ìyẹn ló kọ́kọ́ mú omi bọ́ lójú mi.

Níwájú mo ko iwin kan tó ń ṣọ́ ọ̀nà, Adènà là ń pè é. Ilẹ̀kùn ni gbogbo ara rẹ̀: ilẹ̀kùn láyà, ilẹ̀kùn lórúnkún, ilẹ̀kùn kéékèèké lójú tó fi ń ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ tì pa. N kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nígbà yẹn. Mo yìnbọn fún un. Ọta ìbọn di ẹ̀pà, ó fi ọwọ́ hán an, ó jẹ ẹ́.

“Iyọ̀ kò tó o,” ló wí. “Ibo lò ń lọ, obìnrin?”

“Ìlú Adìlẹ̀kùn!”

Ilẹ̀kùn kan tún tì láyà rẹ̀, gbà!

“Yàrá Àrìnpé ọmọ mi, ní Ìlú Adìlẹ̀kùn!”

Gbà!

“Ìwọ Adènà yìí, ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?”

“Mo mọ̀ pé o lè pariwo. Ẹni tó dárúkọ ibi tó ń lọ kò ní í dé ibẹ̀. Ṣé o kò mọ̀ pé àwọn iwin olè ti mọ orúkọ yẹn, tí wọ́n ń tẹ̀lé ẹni tó bá pè é? Ibi tí o ti máa wọlé ni kí o dárúkọ.”

Mo jókòó sórí ìbọn mi, mo ronú. Òkété tó fẹ́ yọ lẹ́nu ihò kejì lóko ọlọ́kà, ẹnu ihò wo ló ń kọ́kọ́ wọ̀? Tilé rẹ̀ ni! Mo fò dìde. “Ilé mi ni mò ń lọ! Ilé èmi Ọdẹ́bùnmi, ẹnu ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi!”

Ilẹ̀kùn àyà rẹ̀ là díẹ̀. Ògúnsíjì, ìwọ tó ń sùn lẹ́yìn, jí, ibi tó dùn nìyí. Mo fẹ́ ki orí bọ̀ ọ́, Adènà fi ìka dá mi dúró.

“O gbà á. Ṣùgbọ́n mo wo ẹnu ihò ilé rẹ, àpótí ibẹ̀ ṣófo. Ọwọ́ alárenà nìkan ni mò ń ṣílẹ̀kùn fún. Alárenà rẹ dà?”

“Mo . . . mo fún un ní àkùkọ.”

Ẹ̀rín pa á títí gbogbo ilẹ̀kùn ara rẹ̀ fi ń gbá ara wọn. “Lọ wá a. Apá Ìlú Ajókòódúró ló gbà. Má jókòó níbẹ̀ o.”

Ó ní kí n má jókòó. Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe.

Ìlú Ajókòódúró kò ní odi, kò ní ọjà, kò ní ariwo. Àwọn èèyàn ibẹ̀ jókòó lọ́wọ̀ọ́wọ́, kálukú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, òrùka funfun kan ń yí láàárín rẹ̀, ó ń yí, ó ń yí, kò dé ibì kan. Koríko ti hù lórí itan wọn. Ẹyẹ ẹ̀gà ti kọ́lé sínú irun obìnrin kan, ó ti pa ọmọ. Obìnrin náà kò yíjú, ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

“Ẹ káàbọ̀, ìyá. Ẹ jókòó. Ó ti fẹ́ ṣí.”

“Láti ìgbà wo ló ti fẹ́ ṣí?”

“Ó ti fẹ́ ṣí.”

“Ta lo tiẹ̀ ń wá níbẹ̀, ọmọ mi?”

Ẹ̀gà yọ orí, ó tún fà á wọlé. “Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó.”

Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wò ó, ó fẹ̀ bí ìdí mi gẹ́lẹ́, ó tẹ̀ síbi tí ìdí mi ti tẹ̀. Èmi ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Mo sì jókòó. Ẹ má bú mi, ó ti rẹ̀ mí, n kò sì jókòó ti ènìyàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Òrùka funfun ń yí. Ara mi ń rọ̀. Mo gbàgbé ìlú, mo gbàgbé ìbọn, mo ń gbọ́ tí koríko ń hù lórí itan mi bí ẹni ń họra fún mi. Bí ikun ṣe ń bọ́ nímú mi, mo gbé ọwọ́ kí n nù ún, àfi òórùn ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ ọmọ tó gbẹ mọ́ ọwọ́ mi. Mo ní yéè! Ọmọ tí mo fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú rẹ̀! Mo fò sókè. Awọ ìdí mi kan ṣẹ́ kù sórí àga náà. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá kó bá mi kí i.

Mo fa obìnrin náà lápá pé kó dìde. Kò dìde. “Ẹ rọra,” ló wí, “ẹ máa jí ẹyẹ.”

Ní ìpẹ̀kun ìlú náà, lábẹ́ igi àràbà, mo rí alárenà. Àkùkọ mi wà lórúnkún rẹ̀, láàyè. Òun nìkan kọ́: àkùkọ pupa, àkùkọ funfun, àkùkọ ọlọ́yàyà, àkùkọ arúgbó, gbogbo ilẹ̀ kún fún adìyẹ.

“O kò pa á jẹ?” mo bi í.

“Ta ni yóò bá mi jẹ ẹ́?” Ó da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. “Gbogbo ẹni tí mo bá so pọ̀ ló ń fún mi ní adìyẹ kan, tí wọ́n á ní kí n máa lọ. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀.”

Mo kúnlẹ̀. Orúnkún yìí kò kúnlẹ̀ fún ẹfọ̀n. “Alárenà, mo ṣe wèrè. Àwọn àgbà ló sọ pé bí ojú bá mọ ojú tán . . .”

“Bí ojú bá mọ ojú tán, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá àgbà, ìgbà wo ni ojú yín pàdé ojú ọmọ yín?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àgbàdo ilẹ̀ fún àwọn adìyẹ rẹ̀.

“Tábìlì rẹ̀ lẹ mọ̀,” ló wí, ohùn rẹ̀ tutù. “Ọsàn rẹ̀ lẹ mọ̀. Níbi tí ojú kò ti ko ojú, alárenà kò gbọdọ̀ dìde. Bí mo bá dìde, ọ̀nà dìde nìyẹn.”

“N ó máa fún ọ ní ẹ̀kọ láràárọ̀. Má dìde mọ́ láyé mi.”

Ó gbé àkùkọ mi sábẹ́ abíyá, ó ní òun kò ní í fi í sílẹ̀. Mo ní kó mú un bọ̀. Adènà rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó ṣí ilẹ̀kùn àyà rẹ̀ kí a tó dé ibẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀pà kò sí?”

A gba ibẹ̀ bọ́ sínú yàrá mi, alárenà jókòó lórí àpótí, orúnkún kan àgbọ̀n. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo dárúkọ ilé mi. Ojú kan yọ níbẹ̀ tí n kò rí rí, ojú bí ti akàn, ó ní kí n wọlé. Mo fà sẹ́yìn. “Alárenà, ilé mi ni mo pè, ojú ta nìyí? Bó bá jẹ́ iwin olè ńkọ́, tó fẹ́ gba orúkọ ọmọ lọ́wọ́ mi?”

“Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún là; ó lè jẹ́ ojú ilẹ̀kùn ọmọ yín. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin àti ọmọ yín nìkan mọ̀.”

Mo ní, “Ìwọ olójú yìí, kí ni mo fi já Àrìnpé lẹ́nu ọmú?”

Ojú náà ní, “Gbogbo ayé ń fi ewúro já ọmọ. Ìwọ sọ fún un pé ìmàdò ti jí ọmú gbé.”

Èmi àti alárenà rẹ́rìn-ín. Ilé ọmọ mi ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ wà lórí tábìlì. Wọ́n ti nu ọṣẹ ojú rẹ̀, ipa aṣọ tútù ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ìdọ̀tí àdí ti gbẹ sí i lọ́rùn. Obì, oyin àti iyọ̀ wà nínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà nìyí. Àga ṣófo, ọsàn kan wà lórí rẹ̀ tí wọn kò tíì jẹ. Mo fọwọ́ kan àga. Ó ṣì gbóná.

Mo wẹ ọmọ náà. Ẹ̀yin ìyá tó wà níbí, ẹ ò wẹ ọmọ rí. Mo fọ ìdodo, mo fọ abẹ́ ọrùn, mo yí i dojú dé, mo fọ àárín ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ọwọ́ tirẹ̀ kò ní í dé títí ayé. Lẹ́yìn náà mo gbẹ́nu sínú ìkarahun, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́: Ọdẹ́rìndé. Alárenà dí i, ó nawọ́ gbé e gba inú ihò kọjá. Ọwọ́ mi gbà á lọ́hùn-ún, mo ṣí i sétí ọmọ. Ọmọ náà dẹ́kun ẹkún. Ó wo ọwọ́ mi, ó di ìka mi kan mú, ìka tó ń fa ìbọn, kò fi sílẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níta. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá yọwọ́, n ó bá ara mi nínú yàrá mi.

Alárenà na ìkarahun kan sí mi. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún ló ti wá, ìda ẹnu rẹ̀ ṣì rọ̀. Mo yọ ìda, mo gbé e sétí. Ohùn Àrìnpé ni, ó lọ sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹnu lé pátákó ilẹ̀kùn:

“Ìyá mi, mo gbọ́ tí omi ń dún níbẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ kú ìwẹ̀ ọmọ. Ta ló ń bá yín fọ ẹ̀yìn nílé báyìí?”